Igbà, Igbá, Igba, Ìgbà: Bí A Ṣe Dán Ètò Java Wò Láìfọwọ́kan Àká Ọ̀rọ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe ìlérí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láàrin yín pé n ó kọ nǹkan nípa àká ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀pẹ tí a ń tọ́jú sórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó ń dá mi dúró ni pé ìtìjú wà nínú ìtàn náà, èmi gan-an ni mo sì jẹ̀bi ibi tí ó burú jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún èdè wa ń pọ̀ sí i, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń bi mí: báwo ni a ṣe ń dán ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi Java kọ wò láìso ó mọ́ dátábéèsì gidi? Ojú egbò mi ni ìbéèrè náà ń bọ́ sí.

Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mí. Ọ̀rọ̀ ohùn ni mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ìwọ̀nba Java tí mo gbọ́ kò ju ti ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka A, B, D lọ. Ẹni tí ó kọ ètò náà ni ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tí ó fi ẹ̀kọ́ èdè sílẹ̀ tí ó lọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun ní Èkó. Àbúrò ni mo máa ń pè é. Òun náà kò yé pè mí ní Ọ̀gá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú iṣẹ́ yìí, òun ni ọ̀gá, èmi ni ọmọ iṣẹ́.

Ní ọdún 2016 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìkirè, lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tí ó ti ń kọ ọ̀pẹ kí wọ́n tó bí mi. Bàbá Akọ̀pẹ ni tọmọdé tàgbà ń pè é níbẹ̀, orúkọ tí n ó sì máa pè é náà nìyẹn. Lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ọ̀rọ̀ tí ó rọ̀ mọ́ igi ọ̀pẹ nìkan lè kún ìwé. Igbà ni okùn tí akọ̀pẹ ń gbé kọ́ ìdí láti fi gun igi. Ẹyìn ni èso ọ̀pẹ, kì í ṣe ẹyin tí adìyẹ ń yé, kì í sì í ṣe ẹ̀yìn tí ìyá fi ń pọn ọmọ. Imọ̀ ni ewé rẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí ìmọ̀ tí à ń wá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Bí mo bá ṣi ohùn gbé, Bàbá a rẹ́rìn-ín, a ní, "Tíṣà, bí o bá ṣi igbà pè, igbá ni wọn ó gbé fún ọ. Ó di ọwọ́ rẹ bí o bá lè fi igbá gun ọ̀pẹ." Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ohùn Yorùbá, n kò tíì rí àpẹẹrẹ tí ó dùn tó èyí.

Bàbá kú ní ìparí ọdún 2018, nínú oṣù tí àwa Yorùbá ń pè ní Ọ̀pẹ. Ọ̀rọ̀ 387 ni ó wà nínú àká wa nígbà náà.

Ètò tí Àbúrò kọ kò díjú. Java ni ó fi kọ ọ́, Tomcat ni ó gbé e sínú rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè máa rí i láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, MySQL sì ni dátábéèsì tí ọ̀rọ̀ wà. Òǹkàwé á tẹ ọ̀rọ̀, ètò á lọ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ MySQL, á sì gbé ìtumọ̀ jáde. Àbúrò tún kọ ìdánwò 41 tí ó ń yẹ ètò náà wò bóyá ó ń ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Gbogbo wọn ni ó ń ba MySQL sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Èrèlé ọdún 2019, mo jókòó sí ọ́fíìsì mi ní yunifásítì. Iná wà, kò sì sí ẹni tí ó ń kan ilẹ̀kùn. Àbúrò ti fi kóòdù tuntun ránṣẹ́ ní àárọ̀, ó sì ní kí n jọ̀wọ́ má ṣe nǹkan kan sí i títí òun yóò fi pè mí. Ẹ̀yin náà mọ bí ọwọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nǹkan ṣe máa ń yún un. Mo rí bọ́tìnnì tí a fi ń ṣe ìdánwò, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni ilà aláwọ̀ ewé kan gùn la ojú kọ̀ǹpútà já: ìdánwò 41, gbogbo wọn ló yege. Inú mi dùn. Mo ṣí ojú-ewé àká ọ̀rọ̀ wa láti wo bí igbà ṣe rí. Kò sí. Mo wá ẹyìn. Kò sí. Mo ní kí ètò kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ní jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó jáde, ọ̀rọ̀ náà sì ni "dánwò".

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, kóòdù náà a kọ́kọ́ gbá àtẹ mọ́, kí ohun tí ìdánwò ìṣáájú fi sílẹ̀ má baà da èyí tí ó kàn rú. Àṣẹ tí ó fi ń gbá a kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: DELETE FROM oro. Lórí kọ̀ǹpútà Àbúrò, MySQL kékeré kan tí ó wà fún ìlò ara rẹ̀ ni àṣẹ yìí ń gbá. Ṣùgbọ́n nínú fáìlì ètò ti kọ̀ǹpútà tèmi, àdírẹ́sì sáfà gidi ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tí ó ní àṣẹ láti pa ohun gbogbo rẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, nígbà tí mo fẹ́ máa tẹ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ láti ilé. Ìdánwò náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Kò sí irọ́ kankan nínú àwọ̀ ewé tí ó fi hàn mí.

Mo pe Àbúrò lórí fóònù. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́." N kò gbọ́ kí ó bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn rí.

A ní ẹ̀dà ìpamọ́, ṣùgbọ́n ó ti pé oṣù mẹ́rin tí a ti ṣe é gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ 329 ni ó wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ 58 ti lọ, gbogbo wọn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ fún mi ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Mo padà sí ìdí ìwé àkọsílẹ̀ àti fọ́nrán tí mo fi gba ohùn rẹ̀, mo rí 47 kó jọ. Ó ku 11. Àwọn wọ̀nyí ni mo tẹ̀ tààrà sínú kọ̀ǹpútà lábẹ́ igi, ní ọjọ́ tí bátìrì ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ mi kú. Mo rò pé àká ọ̀rọ̀ ni ó láàbò jù. N ó padà sórí àwọn 11 yìí.

Nígbà tí Àbúrò dé láti Èkó ní ọjọ́ Sátidé, kò bá mi wí. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀bi àwa méjèèjì ni. Ẹ̀yin lẹ kọ àdírẹ́sì síbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ ètò tí kò lè dá ìdánwò kankan ṣe bí kò bá rí dátábéèsì." Ó wá ṣí kóòdù, ó fi ibi tí àìsàn wà hàn mí. Ẹ̀yà tí ó ń wá ọ̀rọ̀ fún òǹkàwé, fúnra rẹ̀ ni ó ń lọ pe DriverManager pé kí ó fún òun ní ìsopọ̀ sí MySQL. A ti dì í mọ́ inú rẹ̀. Bí akọ̀pẹ tí a so igbà mọ́ ní ìdí tí kò ṣeé tú ni ó rí: bí o bá rán an ní oja pàápàá, ọ̀pẹ ni yóò gùn.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ kò ní ìdánwò nínú rárá. Ohun tí a ṣe ni pé a gba iṣẹ́ wíwá ìsopọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀yà náà. A kọ ohun tí mo lè pè ní ìwé àdéhùn, èyí tí Java ń pè ní interface. A sọ ọ́ ní ApoOro. Ìlérí mẹ́ta péré ni ó wà nínú rẹ̀: láti wá ọ̀rọ̀ kan, láti fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́, àti láti kó gbogbo ọ̀rọ̀ jáde. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè mú ìlérí mẹ́ta yìí ṣẹ lè jẹ́ àpò fún wa. Àpò kan wà tí ó ń lo MySQL. Àpò kejì, tí ìdánwò nìkan ń lò, HashMap lásán ni ó ń kó ọ̀rọ̀ sí nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Bí ìdánwò bá ti parí, ó ti lọ nìyẹn. Nígbà tí a bá ń dá ẹ̀yà tí ń wá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, a ó gbé ọ̀kan nínú àpò méjèèjì lé e lọ́wọ́. Kò mọ èyí tí ó jẹ́, kò sì yẹ kí ó mọ̀.

(Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé n kò fi àmì sórí ApoOro. Java gba àmì ohùn nínú orúkọ, ẹ lè kọ ÀpòỌ̀rọ̀ bí ó bá wù yín. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí èmi bá fi ọ̀nà kan tẹ àmì náà, tí Àbúrò fi ọ̀nà mìíràn tẹ̀ ẹ́, ojú wa yóò rí orúkọ kan, Java yóò rí méjì. Òfin èdè Java sọ bẹ́ẹ̀ ní kedere. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n a fi àmì sílẹ̀ nínú orúkọ, a sì fi í pamọ́ fún ọ̀rọ̀ Bàbá.)

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Ọmọ tí ń kọ́ Ifá lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí wọ́n fi àfọ́kù igbá ṣe. Ojú odù tí ó ń yọ lórí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti gidi, ọmọ náà sì lè ṣì í kà ní ìgbà àìmọye láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ẹbọ tí kò yẹ lọ sí oríta.

Láàrin àwọn tí ń kọ ètò, ìtàn rẹ̀ kò pẹ́ púpọ̀. Ní ọdún 1997 ni Kent Beck àti Erich Gamma jókòó nínú ọkọ̀ òfuurufú láti Zürich lọ sí Atlanta tí wọ́n sì kọ JUnit, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dán kóòdù Java wò títí di òní. Ní ọdún 2000, Tim Mackinnon, Steve Freeman àti Philip Craig gbé iṣẹ́ wọn jáde lórí lílo ohun àfarawé nínú ìdánwò. Nígbà tí ó di ọdún 2007, Gerard Meszaros kọ ìwé kan tí ó to oríṣiríṣi ohun àfarawé wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ. Orúkọ tí ó fún gbogbo wọn lápapọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí máa ń bá òṣèré sinimá já bọ́ láti orí òkè kí òṣèré gan-an má baà ṣèṣe.

Èmi kò fẹ́ orúkọ sinimá yẹn fún Yorùbá. Arọ́pò ni mo pè é, àwọn tí ó bá ti jókòó ní kíláàsì gírámà rí yóò mọ ìdí rẹ̀. A ní ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ, a sì ní ọ̀rọ̀ arọ́pò afarajorúkọ. "Ó" jẹ́ arọ́pò orúkọ. A lè sọ pé "Ó gun ọ̀pẹ", ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tí í sọ pé "Ó àti Àjàyí gun ọ̀pẹ". Ibi kan ni "ó" lè jókòó sí. Bí o bá gbé e kúrò níbẹ̀, kò ní èsì. "Òun" ni afarajorúkọ. "Òun àti Àjàyí" dára, "Òun ni" dára, ó lè lọ sí ọ̀pọ̀ ibi tí orúkọ ń lọ. Síbẹ̀síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ.

Àwọn arọ́pò inú ìdánwò náà pín bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Mockito, tí ó lè dá àpò kan sílẹ̀ fún ọ láìsí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Wàá sọ fún un pé, bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè igbà, okùn ni kí o dáhùn. Bí wọ́n bá bi í, yóò dáhùn okùn. Bí wọ́n bá bi í léèrè ẹyìn, òfo ni yóò dá padà, nítorí ìwọ kò fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ó tún lè jẹ́rìí fún ọ: ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n ní kó fi ọ̀rọ̀ pamọ́? Ẹ̀ẹ̀kan. Ìyẹn ni "ó". Àpò HashMap tiwa ni "òun": bí o bá fi ọ̀rọ̀ sí i, wàá bá a níbẹ̀, bí o bá ní kó kó gbogbo rẹ̀ jáde, yóò kó o jáde. Ìbátan rẹ̀ tí ó dàgbà jù ú lọ ni H2, dátábéèsì tí a fi Java kọ, tí ó lè gbé inú ìrántí kọ̀ǹpútà nìkan bí àdírẹ́sì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jdbc:h2:mem. Ó gbọ́ SQL, a tilẹ̀ lè ní kí ó máa ṣe bí MySQL. Bí ìsopọ̀ tí ó gbẹ̀yìn bá ti pa, gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ á parẹ́.

Ẹnu yà mí sí iye nǹkan tí a rí tún ṣe nígbà tí a kò ní MySQL lọ́wọ́ mọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ títò ní ẹsẹẹsẹ. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì wa ní, gb sì jẹ́ lẹ́tà kan tí ó tẹ̀lé g. Nítorí náà, gé àti gùn gbọ́dọ̀ ṣáájú gbé. Kọ̀ǹpútà tí a kò kọ́ yóò to gbé ṣáájú gé, nítorí ó rí g, ó sì rí b. Bákan náà, ekùrọ́ àti ewé ni ó yẹ kí ó ṣáájú ẹmu àti ẹyìn, kì í ṣe kí ẹmu há sáàrin ekùrọ́ àti ewé bí ẹni tí kò ní ilé. A gba iṣẹ́ títò lọ́wọ́ dátábéèsì, a fi Java kọ òfin rẹ̀, a sì kọ ìdánwò mẹ́sàn-án fún un. Kò sí èyí tí ó nílò ìsopọ̀ kankan nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Àṣìṣe tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti ekùrọ́. Àpò HashMap wa sọ pé ekùrọ́ méjì ni ó wà lọ́wọ́ òun. Mo wò ó, mo tún un wò, ojú mi kò rí ìyàtọ̀. Fóònù mi ni mo fi tẹ ọ̀kan, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni mo fi tẹ èkejì. Nínú ọ̀kan, ọ ni a kọ́kọ́ tẹ̀ kí a tó fi àmì òkè lé e lórí. Nínú èkejì, ó ni a tẹ̀ kí a tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú Java, ọ̀rọ̀ méjì ni. Láti ọdún 2006, nínú Java 6, ni Normalizer ti wà níbẹ̀ fún irú nǹkan yìí: ó ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó ń wọ inú àpò wa láìgba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. (Àwọn tí ó ń fi ilà kékeré sí ìsàlẹ̀ ọ dípò ẹ̀kán, ẹ jọ̀wọ́, Normalizer kò mọ̀ yín. Òfin tiwa ni a kọ fún yín.)

Apá tí òǹkàwé ń fojú rí náà kò nílò MySQL. Spring, tí Àbúrò fi to ètò náà pọ̀, ní MockMvc, tí ń ṣe bí ẹni pé ẹnì kan wà níwájú kọ̀ǹpútà tí ó ń tẹ ọ̀rọ̀. Tomcat kò jí, íntánẹ́ẹ̀tì kò sí, a sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá tẹ "igba" láìfi àmì sí i yóò rí igbà, igbá, igba àti ìgbà, tí ẹni tí ó bá tẹ "igbà" yóò rí okùn nìkan.

Nígbà tí a parí, ìdánwò wa ti di 63. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì tí gbogbo wọn fi ń parí. Mo ń tẹ bọ́tìnnì náà bí ọmọdé tí ń lu ìlù ọdún.

Oṣù Èbìbí ni a gbé àká tuntun dìde. Àbúrò fi MySQL 8.0 rọ́pò ti àtijọ́, ó sì fi òfin kan kún un: kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀méjì. Ìdánwò 63, gbogbo rẹ̀ yege. A bẹ̀rẹ̀ sí kó ọ̀rọ̀ Bàbá wọlé. Igbà wọlé. Nígbà tí ó kan igbá, MySQL kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A gbìyànjú ìgbà, ó ní ó ti wà níbẹ̀. A gbìyànjú ẹyin lẹ́yìn ẹyìn, ìmọ̀ lẹ́yìn imọ̀. Ẹnu kan náà ni ó fi ń lé wọn padà.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, Àbúrò kò sì mọ ohun tí ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ohun tí Bàbá fi ń bá mi ṣẹ̀fẹ̀ ni MySQL ń ṣe: mo gbé igbá wá, ó ní igbà ni. Òfin tí MySQL 8.0 fi ń wé ọ̀rọ̀ bí a kò bá yan òmíràn fún un ni utf8mb4_0900_ai_ci. Lẹ́tà méjì náà, ai, ń sọ pé kí ó má ka àmì sí. Fún òfin yẹn, oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ọ̀rọ̀ kan ni gbogbo wọn.

Arọ́pò wa kò sì sọ fún wa, nítorí kò mọ̀. HashMap ka igbà àti igbá sí ọ̀rọ̀ méjì, H2 náà kà wọ́n sí méjì, bí a tilẹ̀ ní kí ó máa ṣe bí MySQL. Ìdánwò wa dára fún ohun tí a fi Java kọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè pé ṣé ọ̀rọ̀ méjì yìí dọ́gba, inú MySQL ni ìdáhùn rẹ̀ wà, òun nìkan ni ó sì lè jẹ́ ẹ. Kò sí bí o ṣe lè bi "òun" ní oríkì ẹni tí ó dúró fún.

Ohun tí a ṣe kò gba ọ̀sán kan. A yí òfin ìfiwéra ti ojú ọ̀rọ̀ padà sí utf8mb4_0900_as_cs, tí ó ń ka àmì sí, igbá sì wọlé, ìgbà tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, a kọ ìdánwò mẹ́fà tí ó ń lo MySQL gidi. Kì í ṣe MySQL wa o. Testcontainers ni Àbúrò lò: ó ń gbé MySQL tuntun dìde nínú Docker lórí kọ̀ǹpútà ẹni, òfìfo, yóò sì wó o palẹ̀ bí ìdánwò bá ti parí. Ìdánwò mẹ́fà yìí lọ́ra, nítorí náà a kì í ṣe wọ́n ní gbogbo ìgbà. Àwọn 63 ni mo ń ṣe lójoojúmọ́. Ní ti àdírẹ́sì sáfà gidi, kò sí lórí kọ̀ǹpútà mi mọ́, Àbúrò kò sì fún mi ní ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun. N kò béèrè.

Mo ní n ó padà sórí ọ̀rọ̀ 11. Mo lọ sí abúlé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọdún 2019. Àwọn akọ̀pẹ méjì tí ó kù àti ọmọ Bàbá tí ó dàgbà jù bá mi wá mẹ́jọ nínú wọn rí. Ó ku mẹ́ta. Mo ti gbàgbé méjì pátápátá, àti ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀. Ẹ̀kẹta ni kò jẹ́ kí n sinmi. Mo rántí ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa: orúkọ tí àwọn akọ̀pẹ ń pe ìró kékeré tí igbà máa ń dún kí ó tó já. Bàbá ní ìró náà ti gba ẹ̀mí òun là lẹ́ẹ̀méjì. Mo rántí kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ àti fáwẹ̀lì rẹ̀. Sílébù mẹ́ta ni, fáwẹ̀lì ni ó sì bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni n kò rántí, èmi tí mo fi ohùn gba oyè. Fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ kì í gba ohùn òkè nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, nítorí náà ọ̀nà 18 péré ni ọ̀rọ̀ náà lè gbà dún. Mo pe méjìdínlógún fún ọmọ Bàbá, lọ́kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ igi kan náà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mi ò gbọ́ èyí tó jọ ọ́."

Nígbà tí mo sọ fún Àbúrò, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú méjìdínlógún ká fi sí i. Bí ẹnì kan bá mọ̀ ọ́n, yóò tún un ṣe." Mo ní rárá. Bí ó bá jẹ́ nínú ìdánwò ni, ohun tí ó bá wù wá ni a lè fi sí arọ́pò lẹ́nu. N kò ní kọ ọ́ láìlámì pẹ̀lú, n kò sì ní kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí ẹni tí ó bá kà á yóò fi ohùn tirẹ̀ sí i kí ó tó mọ̀.

Ètò wa kò gbà kí ìtumọ̀ wọlé láìní ọ̀rọ̀. A kọ ìdánwò kan tí ó sọ pé ó gbọ́dọ̀ gbà, ó pupa. A tún kóòdù ṣe, ó di àwọ̀ ewé. A sì sọ fún MySQL náà pé ojú ọ̀rọ̀ lè ṣófo. Ìdánwò kẹrìnlélọ́gọ́ta nìyẹn. Bí ẹ bá ṣí àká náà lónìí, ẹ ó rí i ní ìparí, lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú y: ojú ọ̀rọ̀ òfìfo kan, àti ní iwájú rẹ̀, "ìró tí igbà máa ń dún kí ó tó já".